Ọdún Méjì Tí Mo Fẹ́ Fò Kọjá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò lè tán lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe kó bàa lè tán. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ kan ṣì ń sọ ọ́ títí di òní, wọ́n sì máa ń fi iyọ̀ sí i. Ẹ jẹ́ kí èmi tó ṣẹlẹ̀ sí sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ẹ ó rí i pé kò tilẹ̀ nílò iyọ̀.

Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí nígbà náà, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ọ̀wọ̀. Bàbá mi ti kú. Màmá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu àṣẹ pípa. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ wa, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àdúgbò wa ló sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀ ayé. Màmá Nọ́ọ̀sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n tí kì í dé etí rẹ̀. Ó yẹ kí n ti rántí èyí nígbà tó yẹ kí n rántí rẹ̀.

Lọ́dún kan, mo yege nínú ètò kan tí wọ́n fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ ìmọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè wa àti Amẹ́ríkà. Wọ́n á gbé mi lọ, wọ́n á kọ́ mi fún ọdún kan àbọ̀, màá sì padà wálé. Ohun tí mo lọ kọ́ ni bí iṣu ṣe lè pẹ́ nínú àká láìjẹrà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni tó fi Ọ̀wọ̀ sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà nítorí iṣu dà bí ẹni tó kúrò létí odò lọ wá omi lórí àpáta. Iṣu gan-an kò sí níbẹ̀. Ọ̀dùnkún ni wọ́n ń pè ní iṣu, wọ́n á sì tún da ṣúgà lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà, yàrá tútù wà, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ń kọ́ mi sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni mowó. Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ nílé, ó sọ fún mi pé tí mo bá lè padà wá, iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ wà fún mi lọ́dọ̀ òun.

Mo gbọ́ “padà wá.” Mi ò gbọ́ “tí mo bá lè.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan níbí. Nígbà tí wọ́n kó ìwé fún mi kí n tó lọ, ojú ewé rẹ̀ pọ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Mo wá ibi tí wọ́n fa ìlà sí fún ìfọwọ́sí, mo fọwọ́ sí i, ó parí. Nínú páásípọ́ọ̀tù mi pàápàá, wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ físà. Mo rò pé nọ́ńbà ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni. Tíṣà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé kò ka ìbéèrè dáadáa kó tó dáhùn, òun náà nìyẹn.

Mo dé Ọ̀wọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Ẹni tó bá kí mi káàbọ̀, èsì mi ni pé, “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo wá lò o.” Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì pé tí mo fi gbé lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni ọ̀gá yìí, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ti kọ gẹ̀ẹ́sì ńláńlá sínú rẹ̀. Ní ìparí, mo ní ẹni tó ti lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kànga kò lè gbà á mọ́.

“Tíṣà,” ni ọ̀gá wí, “ṣé o ti gba físà?”

“Ìyẹn ò ní wàhálà nínú, sà.”

“Ó dáa. Kànga tí o ń sọ yìí ńkọ́? Ṣé ilé ẹ̀kọ́ mi ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sínú dúróà rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín dúkìá mi bí ẹni tó fẹ́ kú. Mo fi alùpùpù mi ta tíṣà kékeré kan lọ́rẹ. Mátírẹ́ẹ̀sì mi lọ sílé aládùúgbò, sítóòfù mi lọ sílé kejì. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn àjò mi sí Èkó, wọ́n pè mí síwájú pẹpẹ, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n kọrin ìdágbére. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kó ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ àti ẹ̀gúsí lílọ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n kó bébà jáde. Ìyá kọ̀ọ̀kan ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ bébà, ó ti fi pẹ́ńsùlù yí i ká, ó sì ti kọ orúkọ àti àwọ̀ bàtà tó fẹ́ sí i. Mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ Màmá Bọ̀sẹ̀, alága ẹgbẹ́, ju bébà lọ, wọ́n fi abala kejì lẹ̀ ẹ́ níwájú.

“Tíṣà, dúdú ni tèmi o,” ni Màmá Bọ̀sẹ̀ wí. “Kó má ga jù.”

Mo dé ọ́fíìsì àwọn Amẹ́ríkà ní Èkó pẹ̀lú ìgboyà. Òyìnbó kan tó wọ awò jókòó sẹ́yìn dígí. Ó ṣí páásípọ́ọ̀tù mi, ó wò ó, ó sì fi ìka tọ́ka sí ohun tí mo ti pè ní nọ́ńbà ẹ̀rọ.

“Ṣé o ti ka èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí ló wí?”

Mo na ọrùn kí n lè kà á. Ó fi sùúrù kà á sí mi létí, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó bá gba irú físà tí mo gbà lọ, tí ìjọba sì bá a san owó ẹ̀kọ́, gbọ́dọ̀ gbé ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tó bá padà, kí wọ́n tó lè fún un ní físà iṣẹ́ tàbí ti gbígbé ní Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlú ẹni ló ránni lọ kọ́gbọ́n, ìlú ẹni ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jẹ nínú ọgbọ́n náà.

“Láti ìgbà wo lo ti padà wálé?” ló bi mí.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, sà.”

“O ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa nìyẹn.”

Mo bi í pé ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní ìyọ̀ǹda wà, wéfà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń rí i gbà. Bí mo bá ní ìyàwó tàbí ọmọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí ìyà ńlá yóò jẹ nítorí ọdún méjì náà, mo lè tọrọ rẹ̀. Mi ò ní ìyàwó níbì kankan. Bí ìjọba tàbí àwọn ènìyàn ìlú mi yóò bá ṣe inúnibíni sí mi nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí ọ̀rọ̀ òṣèlú, mo tún lè tọrọ rẹ̀. Mo ronú kan ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti bàtà mọ́kànlá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyẹn kò sí lára rẹ̀. Èyí tó kù ni kí ìjọba ilẹ̀ wa kọ̀wé pé àwọn kò ta kò ó. Ó ṣàlàyé pé ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwé yẹn ránṣẹ́ láti ọwọ́ aṣojú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ohun tí èmi lè máa gbé kiri. Ó sì tún fún mi ní bébà tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí.

Mo gbà á. Mi ò kà á tán. Ohun tó dúró sí mi lágbárí ni “ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ padà sí Ọ̀wọ̀? Ilé tí mo ti kó ẹrù mi kúrò, iṣẹ́ tí mo ti pè ní kànga, ìjọ tó ti kọrin ìdágbére fún mi! Mo wọ ọkọ̀ Benin dípò ti Àkúrẹ́. Láti Benin mo wọ èyí tó ń gba Ìfọ́n, mo sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Arímọgíjà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ló ń gbé níbẹ̀, opó tó ní oko iṣu àti kòkó. Màmá Arímọgíjà ni a ń pè é. Ó ń ṣa èpò lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo yọ sí i pẹ̀lú báàgì àti ẹ̀wù òtútù.

Ó nàró, ó wò mí. “Ṣé Amẹ́ríkà ti sún mọ́ ibí ni?”

Mo sọ fún un pé ìwádìí ni mo wá ṣe nípa iṣu, pé àwọn òyìnbó ló rán mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ọ̀wọ̀ pé mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún?” ló dáhùn. “Ṣé igi kòkó ni?”

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ ṣe ìwádìí náà nídìí ebè. Ẹ rántí pé ohun tí mo kọ́ ni iṣu inú àká. Iṣu tí wọ́n ti wa tán, tí wọ́n ti nù, tó jókòó jẹ́jẹ́ sórí pẹpẹ, èyí ni mo mọ̀. Èyí tó ṣì wà nínú ilẹ̀ tó ń yọ ewé, a ò tíì pàdé dáadáa. Mo ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà bí ẹṣin. Mo ro ebè bí ogójì, ó mọ́ tónítóní. Nígbà tí Màmá Arímọgíjà dé, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lérí. Ó tẹ̀ ba, ó mú okùn tútù kan nílẹ̀ nínú ohun tí mo ti gé dànù.

“Tíṣà, kí nìyí?”

“Èpò ni, mà.”

“Iṣu ni.” Ó mú òmíràn. “Èyí náà, iṣu ni.” Ó wò mí tàánútàánú. “Iṣu tí wọ́n kọ́ ọ lọ́hùn-ún yẹn, ṣé kì í yọ ewé ni?”

Láti ọjọ́ náà, kò fi mí sílẹ̀ nídìí ebè mọ́. Omi ni mò ń pọn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìtìjú mú mi, mo jẹ́wọ́ fún un pé kì í ṣe ìwádìí ni mo wá ṣe, pé wéfà ni mò ń wá.

“Wéfà?” ni Màmá wí. “Bísíkíìtì tí àwọn ọmọdé ń jẹ yẹn? Ó wà ní ìsọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì ní, “Ìyẹn ni pé àwọn òyìnbó ní kí o wá bá wa gbé fún ọdún méjì, o wá ń wá ẹni tí yóò bá ọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí o bá wa gbé.” Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, kò dùn ún gbọ́.

Síbẹ̀ mi ò gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gba ọ́fíìsì ìjọba kékeré kan lọ ní Ìfọ́n. Èrò mi ni pé ìjọba ni ìjọba ń jẹ́, òǹtẹ̀ ni òǹtẹ̀ ń jẹ́. Mo bá bàbá kan tó ń tẹ̀wé níbẹ̀, ará Àkókó, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Táípù. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ ìwé tó sọ pé ìjọba kò ta kò ó.

“Kí ni ìjọba kò ta kò?” ló bi mí.

“Ọ̀rọ̀ ọdún méjì mi, sà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí n gbé nílé fún ọdún méjì.”

“Ìjọba wa wá ń ta kò ó pé kí o gbé nílé ni?”

“Rárá o, sà!”

“Ìyẹn ni pé ìjọba kò ta kò ó.”

“Ẹ ṣeun, sà! Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìjọba kò ta kò ó.”

“Ó ti yé mi,” ni Bàbá Táípù wí, ó sì fi ìka méjì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó gbé e wọlé lọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá fọwọ́ sí i, wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Òǹtẹ̀ náà pupa fòò, ó tóbi. Òǹtẹ̀ nìkan ni mo wò. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé pa, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà kíá, pé kó bá mi fi hàn níbi tó bá yẹ. Mi ò rántí kọ àdírẹ́sì Arímọgíjà sí i. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo tí ọ̀jọ̀gbọ́n ní fún mi ni ti àpótí ìfìwéránṣẹ́ màmá mi ní Ọ̀wọ̀.

Màmá mi gan-an wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú lọ́kàn. Ó yẹ kó ti gbọ́ pé mo gúnlẹ̀. Mo ní àpòòwé tí mo kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà, mo jókòó sábẹ́ igi kòkó, mo kọ lẹ́tà sí i pé mo dé láyọ̀, iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n yìnyín ń bọ́ bí òwú, òtútù sì fẹ́ gé mi létí. Mo fi lẹ́tà náà fún awakọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Ọ̀wọ̀, mo ní kó sọ pé ẹnì kan tó ti Amẹ́ríkà dé ló gbé e lé òun lọ́wọ́. Oṣù keje la wà nígbà tí mo kọ ọ́. Ẹ wò ó, mo ti gbé Amẹ́ríkà rí. Mo mọ̀ pé oṣù keje lọ́hùn-ún, ooru ló ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí irọ́ bá ń dùn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, kì í wo kàlẹ́ńdà.

Oṣù kẹjọ dé, iṣu tuntun jáde. Obìnrin tó máa ń bá Màmá Arímọgíjà ta iṣu ní Ẹlẹ́gbẹ̀ka, létí títì tó lọ láti Ọ̀wọ̀ sí Benin, ṣàìsàn. Màmá ní kí n lọ bá òun jókòó ti iṣu náà fún ọjọ́ kan.

“Ẹlẹ́gbẹ̀ka kẹ̀, mà? Gbogbo ọkọ̀ Ọ̀wọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá!”

“Òun la ṣe ń tajà níbẹ̀,” ló fèsì.

Mo dé akẹtẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù, mo fà á bo ojú, mo jókòó sẹ́yìn òkìtì iṣu. Àárọ̀ lọ, kò sí wàhálà. Ó tó bí aago mọ́kànlá nígbà tí bọ́ọ̀sì funfun kan dín eré kù. Mo mọ bọ́ọ̀sì náà. Ti ìjọ wa ni. Ó dúró síwájú iṣu mi gan-an, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí àpérò. Màmá Bọ̀sẹ̀ ló ṣíwájú. Màmá mi ló tẹ̀ lé e.

“Ẹ kú ọjà o, oníṣu,” ni màmá mi wí.

Mo mú kí ohùn mi nípọn. “Ẹ kú ìrìn, mà.”

“Ẹ̀yin ìyá, ẹ wá wo ọkùnrin yìí,” ló wí. “Ó jọ ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ òun. Inú yìnyín ni ọmọ mi wà.”

“Yìnyín? Lóṣù kẹjọ?” ni Màmá Bọ̀sẹ̀ wí.

“Ọdún yìí, ó ní ó tètè dé.”

Mo gbọ́ tí ẹnì kan fi ìborùn di ẹnu rẹ̀. Mi ò gbójú sókè. Màmá mi mú iṣu kan, ó ta á ní ìka, ó yí i sókè sódò.

“Oníṣu, èyí tí ò ń tà yìí, ṣé ó lè pẹ́ nínú àká?”

Ọlọ́run ló mọ ohun tó ṣe mí. Kí orí mi tó rántí pé mo wà ní ìpamọ́, ẹnu mi ti gbéra. “Ó kù sọ́wọ́ bí ẹ bá ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé sí i, mà. Èyí tí wọ́n bá fi ọkọ́ dá lọ́gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń wa á, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, torí kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ojú ọgbẹ́ náà…” Gbogbo ohun tí Amẹ́ríkà fi ọdún kan àbọ̀ kọ́ mi ló ń tú jáde lábẹ́ akẹtẹ̀.

Màmá mi gbé iṣu náà sílẹ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni màmá mi wí, “ṣí fìlà.”

Mo ṣí i. Ẹ̀rín tí àwọn ìyá náà rín, ó dé Ìfọ́n. Màmá Bọ̀sẹ̀ jókòó sílẹ̀ lórí iṣu mi. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, bàtà mi ńkọ́?” Mo ní bébà wọn ṣì wà nínú báàgì mi ní Arímọgíjà, ṣùgbọ́n eku ti jẹ lára tirẹ̀ níwájú, bébà kan ti tó o báyìí. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé oko ni Màmá Arímọgíjà ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, láti ọwọ́ awakọ̀ kòkó kan náà tí mo wá fún ní lẹ́tà yìnyín. Màmá mi ka lẹ́tà náà ní ìpàdé àwọn ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní ó ń rùn kòkó. Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló mọ ibi tí mo wà, èmi nìkan ni mo rò pé mo sá pamọ́. Àpérò àwọn ìyá ní Benin ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti bá Màmá Arímọgíjà dá a pé kó gbé mi sétí títì dè wọ́n.

Màmá mi ṣì ní ohun kan nínú báàgì rẹ̀. Ó yọ lẹ́tà kan jáde. Mo rí sítáǹpù Amẹ́ríkà lára rẹ̀. “Ó dé nínú àpótí mi,” ló wí, “mo ṣí i, torí mo rò pé ìwọ lo tún kọ ọ́.” Ó wọ awò rẹ̀, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn ìyá bó ṣe ń kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní òun ti rí ìwé tí ìjọba wa kọ, inú òun sì dùn púpọ̀. Ìwé náà ní ìjọba kò ta kò ó rárá pé kí tíṣà yìí gbé nílé fún ọdún méjì, pé kó tilẹ̀ gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá wù ú, àwọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kò wọ́pọ̀ kí ìlú kan fẹ́ràn olùkọ́ rẹ̀ tó báyìí. Ó ní kí n má ronú kan iṣẹ́ tọ̀dọ̀ òun mọ́, kí n jókòó ti àwọn ènìyàn mi.

Bàbá Táípù! Bẹ́ẹ̀ ohun tí mo sọ fún un gẹ́lẹ́ ló kọ.

Ẹ má rò pé wọ́n dá bọ́ọ̀sì padà sí Ọ̀wọ̀ nítorí mi. Wọ́n kó iṣu mi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé mi sáàárín, ó di Benin. Ọjọ́ mẹ́ta ni àpérò náà. Èmi àti dẹ́rẹ́bà nìkan ni ọkùnrin. Mo ru ìkòkò, mo pọn omi, mo gún iyán, mo sì gbọ́ ìwàásù mẹ́ta lórí ìwà ọmọlúàbí. Mo fura pé ẹnì kan ló ṣètò kókó ọ̀rọ̀ náà.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí orin rọlẹ̀ díẹ̀, màmá mi tẹ̀ sí mi létí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Kí ló dé tí o kò wálé tààrà?”

“Ojú ló ń tì mí, mà.”

“Ọwọ́ mi yìí lo bọ́ sí nígbà tí mo bí ọ, o ò wọ aṣọ kankan. Ìtìjú wo ló tún kù láàárín wa?”

Mo yíjú sí fèrèsé. Eruku kò sí lọ́nà, ṣùgbọ́n ojú mi ń ta mí.

Ó kan ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ṣí dúróà, ó yọ lẹ́tà mi, ó ní kí n ka òpin rẹ̀ sí òun létí. Mo kà á. Ọ̀rọ̀ kànga yẹn gùn lẹ́nu mi bí ọ̀nà Èkó. Ó ní ẹlòmíràn ti gba ipò mi, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Ìmẹ̀rí tó ti ń wá tíṣà bàọ́lọ́jì láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Ó bá mi kọ̀wé sí wọn. Nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo yí i padà wo ẹ̀yìn, mo tún béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì lọ́wọ́ akọ̀wé kí n tó fọwọ́ sí i. Akọ̀wé náà bi mí bóyá ara mi yá.

Ọdún méjì ni mo lò ní Ìmẹ̀rí. Yàrá ìwádìí wọn kò ju kọ́bọ́ọ̀dù kan lọ. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ àká tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewúrẹ́ wọ inú rẹ̀, ó sì jẹ ìdajì. Àwọn òyìnbó kò dárúkọ ewúrẹ́ fún mi. Lọ́dún kejì a ṣe ilẹ̀kùn sí i, iṣu wa sì pẹ́ títí òjò tuntun fi dé. Àwọn àgbẹ̀ kan wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sì lọ kọ́ tiwọn. Nígbà tí ọdún méjì náà pé, ọ̀jọ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì. Òfin ti dá mi sílẹ̀ pé mo lè lọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo ń lọ mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Kí ènìyàn ka ohun tó fẹ́ fọwọ́ sí, àní èyí tó kéré bí ẹyin èèrà. Kó má dágbére kí ọkọ̀ tó gbéra. Tí nǹkan bá sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kó gba ilé lọ, torí ẹni tó gbé ìtìjú sá wọ oko, àwọn ará oko ni yóò bá a rù ú wálé.

Mo ti ń fi ẹ̀kọ́ yìí yangàn díẹ̀ kí ọmọbìnrin Ọ̀wọ̀ kan tó wá bá mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti irú ètò pàṣípààrọ̀ yẹn dé. Ó kó ìwé rẹ̀ dání. Mo wọ awò mi, mo na ìka sí ìlà kékeré abẹ́ físà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn àgbà ṣàlàyé ọdún méjì fún un.

“Mo ti kà á kí n tó lọ, sà,” ni ọmọ náà wí. “Ó yé mi. Èmi ò wá nítorí ìyẹn.”

“Kí lo wá fún?”

“Mo gbójú lé wéfà, mo sì ti dágbére fún gbogbo ìjọ, sà. Wọ́n ní ẹ mọ oko kan tó dára láti sá sí.”

Mo rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú mi.